Ìtọ̀ Olórí Ẹbí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ìtẹ́olúwakìṣí, kú lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àìsàn tó pa á ní orúkọ, ó sì ní oògùn. Àbúrò bàbá wa mọ orúkọ yẹn, ó mọ oògùn yẹn, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ìdí rèé tí mo fi gbé ìtọ̀ rẹ̀ jáde síta gbangba. Àwọn kan ní ohun tí mo ṣe kò yẹ ọmọbìnrin. Kí wọ́n máa wí, kò kàn mí.

Moríkẹ́ ni orúkọ mi. Orí omi ni wọ́n bí mi sí, orí omi náà ni mo wà. Ilé ẹbí wa wà lórí òpó, lójú ọ̀nà ibi tí èèyàn ń gbà wakọ̀ lọ sí Awoye. Pákó la fi tẹ́ ẹ, pákó la sì fi ṣe afárá láti ilé kan dé èkejì. Ẹja là ń pa, edé là ń sá. Àbúrò bàbá wa kò sí nínú ìyẹn. Olúrẹ̀mí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó kàwé, ó di agbaṣẹ́ṣe fún àwọn elépo rọ̀bì, ó kọ́lé sí ìgboro, ó ní dókítà tirẹ̀ tó máa ń pè lórí fóònù bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ń ké bọ̀, gbogbo ilé á jáde sórí afárá. Ohun tó bá sì ti ẹnu rẹ̀ jáde, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni nínú wa tó kàwé tó o?

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ mú Ìtẹ́. Ọkùnrin tó lágbára, tó lè dá wọ àwọ̀n tó kún fún ẹja sínú ọkọ̀, ó wá di ẹni tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi tira kiri. Ó ń mu, ó ń tọ̀, ó tún ń mu. Ẹran ara rẹ̀ ń gbẹ. Níbi tiwa, a mọ ohun tí à ń pe irú rẹ̀: iyọ̀ òkun ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá pẹ́ lójú òkun, tí omi iyọ̀ ń ta sí lára lójoojúmọ́, wọ́n ní iyọ̀ náà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun ló ń gbẹ ọ̀fun. Adùn ni a sì fi ń lé iyọ̀. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ nìyẹn: ìrèké, oyin, mínírà, tíì tí a bu ṣúgà sí títí ó fi ki. Bó ṣe ń mu ún ni òùngbẹ náà ń le sí i, àwa sì ń sọ pé iyọ̀ náà lágídí.

Rhoda, ìyàwó rẹ̀, ló gbọ́ nǹkan mìíràn. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ní Molutehin sọ fún un pé ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí Ọ̀gá wálé fún ọdún Àjíǹde, Rhoda kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi í. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Ìtẹ́ náà wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú mínírà lọ́wọ́, nítorí Ọ̀gá ti kó mínírà páálí páálí wálé.

"Bàbá, ghan ní ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà," ni Rhoda wí. "Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ bá mi wò ó."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Rhoda, ìtọ̀ ṣúgà kẹ̀? Àìsàn olówó nìyẹn. Àwọn tó ń jẹ kéèkì, tí wọ́n ń jókòó sínú mọ́tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ pupuru ẹ̀gẹ́, tí ẹ ń wa ọkọ̀, ọ̀nà wo ni ṣúgà fẹ́ gbà wọ̀ yín lára?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìtẹ́ gan-an rẹ́rìn-ín, ó ní ó wu òun kí òun ṣàìsàn olówó, bí owó náà bá máa bá a wá. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí wọ́n ń sọ láti ilé dé ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, wọ́n á ní kó fọkàn balẹ̀, pé Ọ̀gá ti sọ ọ́, àìsàn olówó kì í mú apẹja.

Wọ́n gbé mínírà fún Ọ̀gá náà. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde, nígbà tí gbogbo ayé ti ṣínu, òun ń gbààwẹ̀. Omi lásán ló mu. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo Ìtẹ́ bó ṣe ń ṣí ìgò kan tẹ̀lé òmíràn, kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gún ẹja gún Ìtẹ́ lẹ́sẹ̀. Irú ẹ̀gún yẹn ti gún gbogbo wa rí. A máa ń ta epo gbígbóná sí i, a ó pariwo, á sì jinná. Wọ́n ta epo sí ti Ìtẹ́, kò pariwo. Ó ní kò dun òun. Inú wa dùn, a ní ọkùnrin ni, a ní ó ti ń jinná nìyẹn. Ìgbà tí a máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí kò dunni ti ń kú lọ ni, òórùn rẹ̀ ti gba ilé kan. A gbé e sínú ọkọ̀, ó di orí ilẹ̀, ó di ilé ìwòsàn, níbi tí dókítà ti sọ fún mi pé ìtọ̀ ṣúgà ni.

Ẹnìkan ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn tó tẹ̀lé ti Ìtẹ́ nílé ìwòsàn yẹn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sàlímátù. Ìgbọ́kọ̀dá ló ti ń ta ẹja gbígbẹ, ọkọ rẹ̀ náà ń ṣe ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ tirẹ̀ pé. Ó ń fi etí sí bí dókítà ṣe ń bá mi wí pé a pẹ́ jù, pé a pẹ́ jù. Nígbà tí dókítà kúrò, ó sún mọ́ mi.

"Ìyá, ṣé ẹ ò rí èèrà ni?" ni ó bi mí.

Mo ní èèrà wo?

"Èèrà níbi tó ń tọ̀ sí. Èmi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí ìdí ògiri tí ọkọ mi ń tọ̀ sí, ìyá rẹ̀ ní ká máa gbé e lọ, pé ṣúgà ti wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ níbí."

"Orí omi là ń gbé," ni mo dá a lóhùn. "Inú omi là ń tọ̀ sí."

Sàlímátù fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Ìtẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà tó fi lọ bá a.

Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá sọ pé àìmọ̀ ló pa á, ǹ bá sì gba kádàrá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsìnkú, Happiness, ìyàwó Ọ̀gá, tí à ń pè ní Ìyá Promise, bá mi nídìí ààrò. Ẹkún ti wú ojú rẹ̀. Obìnrin yẹn kì í ṣe èèyàn búburú, ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ló ń bà á.

"Moríkẹ́, mo sọ fún un," ni ó wí. "Lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn, bí a ṣe wọnú yàrá ni mo sọ fún un pé òùngbẹ Ìtẹ́ yìí, bí tirẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ó ní bí òun bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á bi òun bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹni tó ń retí ẹní kì í polongo àìsàn."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní ọkọ òun ti ń lo oògùn rẹ̀ tipẹ́, ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń gún ìka wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, ó sì mọ ohun tó yẹ kó jẹ àti èyí tí kò yẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà, ó rí orí ọmọ tó ń wọ́, ó tún ra mínírà fún un. Mo sọ fún Ọlọ́run mi nídìí ààrò yẹn pé Ọ̀gá kò ní jókòó lórí ẹní yẹn níṣojú mi.

Ẹní tí à ń sọ yìí, ẹní olórí ẹbí ni. Ẹbí wa tóbi, olórí rẹ̀ sì ni àwọn elépo ń bá sọ̀rọ̀, òun ni ìjọba ń ránṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni òpin. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti kú, Ọ̀gá ló kàn. Ṣùgbọ́n ẹní náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá ní àìsàn tí kì í lọ kì í jókòó lórí rẹ̀, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wúre ìlera fún gbogbo ọmọ ilé. Bàbá Jọọlá, tó dàgbà jù nínú ẹbí, bi Ọ̀gá léèrè níṣojú gbogbo wa bí ara rẹ̀ bá pé. Ó ní ara òun pé pérépéré.

Òfin kejì ni èyí tó fún mi lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó lórí ẹní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé inú ilé àgbà, kó má wọ ọkọ̀, kó má jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a ti ń lóṣòó lé omi lórí. Wọ́n ní omi kò gbọ́dọ̀ rí ìhòòhò rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹní náà fún un. Póò ni ó ń lò, ọmọbìnrin ilé ló sì ń gbé póò náà dànù láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń du irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún mi. Wọ́n yìn mí títí. Wọ́n ní Moríkẹ́ níwà ìrẹ̀lẹ̀, pé ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Èmi náà ni mo ń dáná fún un. N kò fi nǹkan kan sí oúnjẹ rẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ mi. Oúnjẹ tí gbogbo ẹbí fi ń ṣàlejò ni mo gbé fún un: pupuru, ìrẹsì, dòdò, búrẹ́dì àti mínírà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ wá, ẹni tó sì fẹ́ jẹ́ olórí ẹbí kò lè kọ oúnjẹ ilé kankan níwájú àwọn àgbà. Kò lè sọ pé òun ń gbààwẹ̀ mọ́. Mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo bó ṣe ń gbé mínírà mì bí ẹni ń gbé agbo mì. Inú mi ń dùn. Ẹni tó bá ní ẹ̀san kì í dùn, ẹnìkan kò tíì ṣẹ̀ ẹ́ dáadáa ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìtẹ́ní, n kò da póò náà sómi. Mo ru ú lórí, mo gba orí afárá lọ sí ibi ilé ìwòsàn wa. Ilé ìwòsàn lorúkọ rẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Wọ́n da iyanrìn funfun kún ibẹ̀, wọ́n mọ ògiri, wọ́n lọ. Ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ gbígbẹ tó mọ́ wà ládùúgbò wa, èèrà sì pọ̀ nídìí igi fúrútù tó wà níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ́ iyanrìn náà, mo da ìtọ̀ Ọ̀gá sórí rẹ̀, mo dúró. Oòrùn kò tíì le tí èèrà kìíní fi dé. Ó tọ́ ọ wò, ó padà lọ pe ará ilé rẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú ibẹ̀ fi dúdú.

Nígbà náà ni mo pe àwọn obìnrin tó ń sá edé. Mo ránṣẹ́ sí Rhoda. Mo lọ fúnra mi sọ́dọ̀ Bàbá Jọọlá, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi ká lọ wo nǹkan tó kan ẹní. Gbogbo wọn dúró yí ibẹ̀ ká. Mo sọ ohun tí Sàlímátù sọ fún mi fún wọn. Mo sọ ẹni tó ni ìtọ̀ náà. Ẹnu ya àwọn obìnrin, ọ̀kan nínú wọn fi ìbòrí rẹ̀ bo imú.

Bàbá Jọọlá wo èèrà náà pẹ́. Àgbàlagbà tí kì í kánjú ni. "Ọma mi," ni ó wí, "mé è rí i rí. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè jẹ́ ohun tí èèrà ń mu. Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Da ìtọ̀ ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká wò ó."

"Màá da tèmi," ni mo wí. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọ ẹ̀yìn ògiri pẹ̀lú agolo kan, mo tọ̀ sínú rẹ̀, mo dà á sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀gá. Mo ká apá mọ́ àyà, mo ń dúró kí ẹjọ́ náà parí.

Èèrà kúrò nídìí ti Ọ̀gá, wọ́n ya sí tèmi.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń kọjá lọ ni. Wọn kò kọjá. Wọ́n dúró, wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n bò ó. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ẹ̀rín náà sì kárí gbogbo àwọn obìnrin. Bàbá Jọọlá mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ dùn, nítorí àgbà kò fẹ́ ìdààmú.

"Ẹ ghá wò ó," ni ó wí. "Èèrà éè mọ ọlọ́lá, éè mọ tálákà. Gbogbo ìtọ̀ ló ń mu. Moríkẹ́, ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń dà ọ́ láàmú. Lọ bẹ bàbá rẹ. A máa bá ọ bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ti ń yíjú láti lọ. Èmi kò lè gbẹ́sẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi tó ń dúró lẹ́bàá ibùsùn mi láìpẹ́ yìí wá sí mi lọ́kàn, tí mo ń sọ pé èéfín ẹja ló ń gbẹ mí lọ́fun. Ìka ẹsẹ̀ mi tó ń kú tipiri wá sí mi lọ́kàn, tí mo ní ìjókòó pẹ́ ló fà á. Bàbá kan náà àti ìyá kan náà ló bí èmi àti Ìtẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di igi fúrútù mú.

Ẹ wo ibi tí mo há sí. Bí mo bá dákẹ́, mo máa lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ya wèrè díẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ara mi kò dá. Ọ̀gá á jókòó lórí ẹní rẹ̀ lọ́la. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa gbé ìdájọ́ lé ara mi lórí níwájú àwọn tó ń fi àìsàn olówó ṣẹ̀fẹ̀. Rhoda ló gbà mí lọ́wọ́ èrò yẹn. Kò wí fún ẹnikẹ́ni, ó mú agolo náà, ó wọ ẹ̀yìn ògiri, ó jáde, ó da tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Ẹ má lọ," ni Rhoda wí fún wọn. "Ẹ dúró díẹ̀ sí i."

Ìtọ̀ Rhoda wọnú iyanrìn, ó gbẹ. Èèrà kan gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí tèmi, kò yà. Wọ́n dúró pẹ́, oòrùn mú, kò sí ọ̀kankan tó yà. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Rhoda wò mí. Kì í pe orúkọ mi, ìyàwó ilé ni, Awẹ́lẹ́wà ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa.

"Awẹ́lẹ́wà," ni ó wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé ìwọ náà ni?"

"Èmi náà ni," ni mo wí, mo jẹ́ kí ohùn mi ròkè. "Bàbá Jọọlá, èmi náà ní in. Èmi àti Ọ̀gá. Ó ku ká lọ bi í."

Inú ilé àgbà kún bí ọkọ̀ ọjọ́ ọjà. Ọ̀gá jókòó sórí àga, aṣọ funfun lọ́rùn, ó ti gbọ́ ariwo wa lórí afárá, ojú rẹ̀ le. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Rhoda ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo na ọwọ́ mi, mo yọ ìka kan sí i.

"Bàbá, ẹ fi ẹ̀rọ yín wò mí," ni mo wí.

"Ẹ̀rọ wo?"

"Èyí tí ẹ fi ń gún ìka láràárọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹsẹ̀ mi ń kú tipiri, èèrà ti bo ìtọ̀ mi. Bí ẹ bá ní ẹ kò ní ẹ̀rọ kankan, mo gbà. Màá dìde, màá lọ sílé, màá máa mu oyin títí wọ́n á fi gé ẹsẹ̀ tèmi náà. Gbogbo ilé ti gbọ́. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́."

Ó wò mí. Mo rí ìkórìíra lójú rẹ̀, mo sì fẹ́ kó rí tèmi. Ó la ẹnu, ó ní, "Moríkẹ́, ọmọ mi, èéfín ẹja ni. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, òùngbẹ máa ń…" Kò lè parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Jọọlá ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo okùn àwọ̀n tó fẹ́ já.

Ìyá Promise ló jáde láti inú yàrá. Ó gbé báàgì dúdú kékeré kan sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ rẹ̀. Kò ṣí i. Ó padà lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

N kò gbé ọwọ́ mi kúrò. Apá ń ro mí, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó ṣí báàgì náà. Ọwọ́ rẹ̀ yára, ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà láìwò. Ó gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó fi kan ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà sì ké.

"Kí ló wí?" ni Bàbá Jọọlá bi í.

"Ó ga," ni Ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ga gan-an. Òun náà ní in."

"Òun náà," ni Bàbá Jọọlá tún un sọ. "Òun àti ta ni? Wo tìrẹ, Olúrẹ̀mí."

Kò sẹ́ni tó ti pè é lórúkọ nínú ilé yẹn láti ìgbà tó ti di Ọ̀gá. Ó gún ìka tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké. Kò dúró kí wọ́n bi í, ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí àgbàlagbà náà, ó sì gbójú sílẹ̀. Bàbá Jọọlá kò mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó mọ ojú èèyàn. Ó lọ sí igun ilé níbi tí ẹní olórí ẹbí wà, ó gbé e sí abẹ́ apá, ó sì jáde. Àwọn àgbà yòókù tẹ̀lé e.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí pákó. Ẹ̀san ò gbóògùn. Mo ti gba tèmi, ó sì dùn mọ́ mi nínú, n kò ní pa irọ́. Mo fẹ́ dìde kí n lọ sórí ibojì Ìtẹ́ kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n ìka mi ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì rántí pé mi ò mọ ohun tí màá jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin tí mo ti sọ di ẹni ilẹ̀ yìí nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa. Mo dìde, mo gbé ọbẹ̀ ọ̀sán kaná nídìí ààrò, nítorí ilé kò gbọ́dọ̀ wà láìjẹun, mo sì padà wá jókòó síwájú rẹ̀.

"Sọ fún mi," ni mo wí. Mi ò sọ pé "ẹ".

Ó sọ fún mi. Ó ní kí n jáwọ́ nínú oyin, ìrèké, mínírà àti tíì aládùn. Ó ní kí pupuru kéré, kí ẹja àti ẹ̀fọ́ pọ̀. Ó dárúkọ oògùn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fúnni, ó ní kí n má lò ó láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ mí wò, kí n sì má dá a dúró nítorí pé ara yá. Ó ní kí n máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi lójoojúmọ́, kí n má rìn láìwọ bàtà, kí n má sì ka egbò tí kò dunni sí egbò kékeré. Ó ń ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó já gaara, ó mọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa tó ni inú ń bí mi tó. Nígbà tó dákẹ́, Rhoda wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n ń na ọrùn.

"Dìde," ni mo wí fún un. "Lọ sórí afárá. Tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wọn gbọ́."

Ó dìde, ó lọ. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ mo ní kó gbé e sókè. Nígbà tó parí, mo wọlé lọ wo ọbẹ̀ tí mo gbé kaná. Kò tíì hó; ọ̀rọ̀ tí ì bá gba Ìtẹ́ là kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.